Ọ̀nà Tí Oyè Ọ̀mọ̀wé Gbà Dé Ilẹ̀ Kétu

Ẹni tó bá ń gbé Odomẹ́ta lónìí, láàárín oko àgbàdo àti oko gbágùúdá tó wà lórí ilẹ̀ gíga Kétu, kò ní rin ìrìn ọjọ́ kan kó tó kan ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí tó ń sọ èèyàn di ọ̀mọ̀wé. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Kétu fúnra rẹ̀. Bó bá forí lé ìsàlẹ̀, yóò kan Pobẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn lókè òkun mọ̀ bí ẹni mowó. Bó bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́, kò ní pẹ́ débi ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà tó wà ní Dangbo. Bó bá sì wọ ọkọ̀ kọjá Kútọnù, yóò dé Abomey-Calavi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹnjiníà. Lọ́dún 1960 tí Dahomey, tó ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ lónìí, gba òmìnira, kò sí ẹyọ kan nínú gbogbo wọn. Òkun ni ẹni tó bá fẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì máa kọjá nígbà náà. Àlàyé tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn nípa bí nǹkan ṣe yí padà ni pé owó ló ṣe é: ẹni tí ìjọba tàbí òyìnbó bá fún ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ló ń di ọ̀mọ̀wé, ẹni tí wọn ò bá fún, kó gba kádàrá. Ìtàn ilẹ̀ Kétu àti ti orílẹ̀-èdè tó yí i ká kò gbe ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn. Ohun tó ń fi hàn wá ni pé ibi tí yàrá ìwádìí bá ti fìdí múlẹ̀, tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ sì jókòó tì í, ni ọ̀mọ̀wé ti ń jáde; ibẹ̀ náà sì ni owó máa ń wá wọn lọ.

Ká tó lè mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó, ó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Kétu di ahoro. Ní 1886 ni ogun Dahomey kó ìlú náà, wọ́n jó o, wọ́n sì kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dahomey, tán ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó ráyè padà wálé, tí wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, òyìnbó ti pín ilẹ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ti fa ààlà gba àárín ilẹ̀ Alákétu kọjá: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá sì jókòó lé ààlà gan-an. Iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun lé ọ̀pọ̀ ará Kétu sọdá sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìlú tí àwọn géńdé rẹ̀ ń sá lọ, ìgbà wo ni yóò ráyè kọ́ ilé ìwé? Ìlànà Faransé náà kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ilé ìwé díẹ̀ ni wọ́n kọ́, èdè Faransé nìkan ni wọ́n sì gbà kí wọ́n fi kọ́ni níbẹ̀, nítorí pé akọ̀wé, ògbufọ̀ àti tíṣà tí yóò bá wọn ṣàkóso ni wọ́n ń wá. Lódìkejì ààlà, àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ń fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìwé, àwọn ará ìlú sì ń dáwó jọ láti kọ́ ilé ìwé tiwọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ló ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún ayé gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1971 ló sọ di ìwé ní 1976. Ìhà ìlà-oòrùn ààlà, níbi tí yunifásítì ti wà, ni ìwádìí tó lágbára bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ Kétu ti jáde. Kì í ṣe pé ìhà ìwọ̀-oòrùn kò ní ọlọ́pọlọ. Thomas Mouléro, ọmọ Kétu tó di àlùfáà Kátólíìkì àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Dahomey ní 1928, ti kó ìtàn ìlú rẹ̀ jọ lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí Ìbàdàn ò tíì ní yunifásítì kankan. Òun ní ìmọ̀, ó sì ní ìtara. Ohun tí kò ní ni ilé tó lè gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fi oyè dá a lọ́lá.

Àwọn tó ń yin Dahomey yóò ní mo ti fi òótọ́ kan pa mọ́. Ṣebí ilẹ̀ yìí ni Emmanuel Mounier, òǹkọ̀wé ará Faransé, pè ní Quartier Latin Áfíríkà, tó fi wé àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀mọ̀wé ní Páríìsì? Ṣebí akọ̀wé àti tíṣà láti Dahomey ló kún ọ́fíìsì ìjọba láti Abidjan dé Niamey? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́, Ouidah àti Kútọnù ni ìyìn yẹn ń bá wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan Kétu. Èyí tó tún wá le jù níbẹ̀ ni irú ẹ̀kọ́ tó jẹ́. Ọmọ tó bá yege jùlọ ní ilé ìwé Victor Ballot ní Àjàṣẹ́ lè wọ William Ponty ní Senegal, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà àti akọ̀wé. Àwọn díẹ̀ a sì kọjá sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí Faransé dá sílẹ̀ ní Dakar ní 1918. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Côte d'Ivoire dìde sí àwọn ọmọ Dahomey ní 1958, tí Niger náà sì lé wọn ní ọdún bíi márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, akọ̀wé ló ń rọ́ padà wálé, sí ilẹ̀ tí kò ní ọ́fíìsì tó máa gbà wọ́n.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Dakar yẹn tó ohun tí a ń dúró wò. Àwọn tó jáde níbẹ̀ jẹ́ ògbóǹtarìgì. Àwọn ló ń bá àìsàn jà láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń fún èèyàn ní àjẹsára, tí wọ́n ń gbẹ̀bí, tí wọ́n ń tọ́jú ẹni tí àìsàn oorun bá mú. Síbẹ̀ dókítà olùrànlọ́wọ́ ni Faransé pè wọ́n, ìwé ẹ̀rí wọn kò sì tó ti ẹni tó kàwé ní Páríìsì tàbí Bordeaux. Nínú ìlú Dakar yẹn kan náà ni ilé ìwádìí Pasteur wà, tí wọ́n ti ṣe àjẹsára ibà apọ́njú tí wọ́n fi gba ẹ̀mí ogunlọ́gọ̀ èèyàn là ní àwọn ọdún 1940. Ilé méjì nínú ìlú kan ṣoṣo: inú èkíní ni wọ́n ti ń hùmọ̀ oògùn, inú èkejì ni wọ́n ti ń kọ́ ẹni tí yóò gbé e kiri. Émile Derlin Zinsou, ọmọ Ouidah tó di ààrẹ Dahomey ní 1968, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Dakar, ṣùgbọ́n Páríìsì ló lọ kó tó di dókítà pátápátá. Ojú ọ̀nà tí ẹni tó bá fẹ́ kọjá ipò olùrànlọ́wọ́ ń gbà nìyẹn. Ìjọba Faransé náwó lórí wọn dáadáa, kò sì sí ẹni tó lè ní owó ló fà á tí wọn kò fi ṣe ìwádìí. Ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí ni wọn kò ṣí fún wọn.

Ní ìhà kejì ààlà, ọdún 1948 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìwòsàn UCH ṣílẹ̀kùn ní 1957, yunifásítì náà sì dá dúró ní 1962. Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn méjì wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yára yí padà níbẹ̀. Adegoke Olubummo, ọmọ Ọ̀rìn-Èkìtì, lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955, ó sì padà wá ń kọ́ni ní Ìbàdàn. Nígbà tó fi di 1989, Adenike Osofisan gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ilé-Ifẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n péré ló wà láàárín ẹni tó wọkọ̀ òkun lọ wá oyè àti ẹni tó rí i gbà nílé. Àwọn tó lọ tí wọ́n sì padà wá kọ́ni ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ẹnìkan lè wá bi mí pé kí ló dé tí àwọn ọmọ Kétu ò kúkú rọ́ lọ sí Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ pé ìbátan wọn ló wà ní Ìmẹ̀kọ, tí Ìbàdàn sì sún mọ́ wọn ju Dakar lọ fíìfíì. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ẹni tó fi Faransé ka ìwé mẹ́wàá kò lè jókòó sí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ẹ̀rí tó gbà lọ́wọ́ Faransé kò sì níyì lójú yunifásítì tó wà lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Yorùbá tí wọ́n jọ ń sọ lọ́jà kò wọlé ìdánwò.

Ní àárín àwọn ọdún 1960, Dahomey àti Togo gbìyànjú láti jọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ṣoṣo: ẹ̀ka lítíréṣọ̀ wà ní Lomé, ti sáyẹ́ǹsì wà ní Àjàṣẹ́. Kò pẹ́ tí kálukú fi gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, Dahomey sì dá yunifásítì sílẹ̀ ní 1970, tó wá fìdí kalẹ̀ sí Abomey-Calavi. Ọ̀gágun Kérékou gba ìjọba ní 1972. Lẹ́yìn tó kéde ní 1974 pé ìlànà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè yóò máa tẹ̀ lé, ọ̀nà Soviet, China àti Cuba ṣí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ti Faransé kò sì tì. Àkókò yìí ni owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ wọ́pọ̀ jùlọ. Àwọn tó lọ gboyè padà wá, àwọn kan nínú wọn sì di ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti padà dé, àga àti pátákó ìkọ̀wé ni wọ́n bá, wọn ò bá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti kàwé. Ọ̀pọ̀ ló di olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ìwádìí wọn sì parí síbi ìwé tí wọ́n fi gboyè. Ìgbà tó di 1989, ìjọba kò rí owó oṣù san mọ́, kò rí owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ san mọ́, ìyanṣẹ́lódì gba gbogbo ìlú, títí tó fi di àpérò gbogbogbòò oṣù kejì ọdún 1990 tó yí ìjọba padà.

Tó bá jẹ́ pé owó ni ìpìlẹ̀, àwọn ọdún yẹn gan-an ló yẹ kí ìwádìí kú pátápátá. Àárín wọn ni wọ́n bí ilé ìwádìí tó lórúkọ jùlọ ní orílẹ̀-èdè náà nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ní 1988, nígbà tí àpò ìjọba ti ń gbẹ, Jean-Pierre Ezin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá IMSP sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì tó wà ní Dangbo báyìí. Ọ̀dọ̀ ilé ìwádìí ICTP ní Trieste, ní Ítálì, ni wọ́n ti rí ìrànlọ́wọ́. Abdus Salam, ọmọ Pakistan tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979, ló dá ICTP sílẹ̀ ní 1964, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ojú onímọ̀ ń rí tó bá dá wà nílẹ̀ tí kò sí ẹlẹgbẹ́. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ṣe kì í ṣe owó ńlá. Ìwé ni, àti owó ọkọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wá láti òkèèrè láti wá kọ́ni ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó padà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀gá ló ń wá bá ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ kò lọ bá ọ̀gá. Ìmọ̀ ìṣirò sì rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀, torí kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Pátákó, ìwé àti ẹni tó lè sọ fún ọ pé ibi báyìí ni àlàyé rẹ ti jò, ó tó. Láti orí ìṣirò ni wọ́n ti gorí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé yí Bẹ̀nẹ̀ ká ń wá síbẹ̀. Nígbà tí Báǹkì Àgbáyé wá ń wá ibi tí yóò kó owó sí fún ètò Àwọn Ibùdó Ìmọ̀ Gíga Áfíríkà ní 2014, Dangbo wà lára àwọn tó mú. Ẹ kíyè sí bó ṣe tò tẹ̀ lé ara: ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ kí owó ńlá tó dé.

Tàwọn onímọ̀ nípa àìsàn tún yàtọ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn kò ṣeé fi pátákó ṣe. Ó ń fẹ́ aláìsàn, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ, ó ń fẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún sùúrù. Pobẹ̀ ló lè jẹ́rìí sí i. Egbò Buruli ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, àìsàn tí kòkòrò kan tó bá ti ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ tan ń fà. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré lábẹ́ awọ, lẹ́sẹ̀ tàbí lápá, kì í sì í dun èèyàn. Àìdunni rẹ̀ yìí ni ewu rẹ̀. Ìyá á rí i lára ọmọ, á ní kò le, á fi ewé lé e. Ìgbà tí awọ bá fi ya, egbò náà ti jẹ inú lọ ju ibi tí ojú rí. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á ti òwú sábẹ́ etí egbò náà, wọ́n á fi pa gíláàsì, wọ́n á kùn ún ní aró tí ń jẹ́ kí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ pupa, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ maikirosikópù wò ó. Tẹ́lẹ̀, ọ̀bẹ nìkan ni ìwòsàn rẹ̀: wọ́n á gé ẹran ara náà kúrò, wọ́n á fi awọ ibòmíràn lẹ̀ ẹ́. Láti 2003 ni àwọn dókítà Pobẹ̀ ti fi oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, rifampicin àti streptomycin, dán an wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 sọ pé nínú aláìsàn 224, ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún 215, tí 102 nínú wọn kò sì rí ọ̀bẹ rárá. Ìròyìn yìí wà lára ohun tó yí ìtọ́jú egbò Buruli padà káàkiri ayé. Ní 2014, wọ́n tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí aláìsàn 1,227 tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní Pobẹ̀ láàárín 2005 àti 2011, ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ ní Angers, ní Faransé, ṣàlàyé ìdí tí egbò náà kì í fi í dunni: májèlé tí kòkòrò náà ń tú jáde ló ń mú kí àwọn iṣan tó ń gbé ìrora lọ dákẹ́.

Ibí ni ẹni tó bá fẹ́ ta ko ohun tí mò ń sọ yóò ti rí ọ̀rọ̀ sọ jùlọ. Yóò ní: aláìsàn wà ní Pobẹ̀, ṣùgbọ́n Angers ni wọ́n ti ń jẹ ọ̀mọ̀wé. Àwọn ọmọ Pobẹ̀, Idigny àti Odomẹ́ta ni wọ́n ní egbò àti ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn ló ni orúkọ tó wà lára ìwé. Kí ló wá yàtọ̀ sí Dakar 1918? Ẹ̀sùn yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àyẹ̀wò tó díjú jùlọ fi ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Faransé, ibi tí ẹ̀rọ bá sì wà ni ọ̀dọ́ onímọ̀ ń lọ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà gan-an ló ń ti èrò mi lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ń sọ pé Pobẹ̀ kò rí owó. Ó rí owó lọ́dọ̀ àjọ Raoul Follereau àti àwọn mìíràn. Ohun tó ń jà níbẹ̀ ni ibi tí ẹ̀rọ wà àti ẹni tí ó jókòó tì í. Ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín ìgbà yẹn àti ìsinsìnyí kò kéré. Àwọn dókítà àti onímọ̀ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó ń kọ àwọn ìwé náà, wọ́n ń ṣe ìwádìí tí wọ́n fi ń gboyè láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Faransé, àwọn ìbéèrè tí wọ́n sì ń béèrè ti ń yí padà di èyí tó kan àwọn abúlé: ibo ni àwọn èèyàn ti ń pọn omi, kí ló dé tí àìsàn náà fi pọ̀ létí àbàtà, ṣé kànga ẹ̀rọ lè dín in kù. Bí kòkòrò náà ṣe ń wọ ara èèyàn gan-an, kò tíì sí ẹni tó rídìí rẹ̀ délẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ìbéèrè tó tó iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé púpọ̀ ṣì wà nílẹ̀, ibi tó sì yẹ kí wọ́n ti dáhùn rẹ̀ kò jìnnà sí Kétu.

Àtakò kejì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òbí: kí ni abúlé tí kò ní tíṣà tó ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ́ fi ọ̀mọ̀wé ṣe? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ìtàn tí a sọ yìí ti dáhùn rẹ̀ ní ìdajì. Dahomey fi tíṣà ṣáájú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wà lára àwọn ilẹ̀ tó ní tíṣà jùlọ lábẹ́ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Síbẹ̀ nígbà tí òmìnira dé, kò sí ẹni tó lè kọ́ ẹni tí yóò kọ́ tíṣà nínú sáyẹ́ǹsì láìlọ sí òkè òkun. Ìpele méjèèjì ń gbé ara wọn ni. Àwọn kan tún ní oyè ilé kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti Faransé tàbí Amẹ́ríkà. Ó dára kí wọ́n máa bẹ̀rù ẹ̀tàn, torí pé ìwé ẹ̀rí òfìfo pọ̀. Ṣùgbọ́n láti 1968 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà ti dá CAMES sílẹ̀, àjọ tí ó wà ní Ouagadougou, tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò kó tó gbà kí wọ́n gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Abomey-Calavi kò lè fi ti pé ọmọ wa ni gòkè. Àwọn ará Dakar, Abidjan àti Yaoundé ló máa ka iṣẹ́ rẹ̀. Kò pé pérépéré, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń rẹ́rìn-ín sí.

Ti ẹnjiníà ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé òun ló sún mọ́ Odomẹ́ta jùlọ, òun ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. Ní Abomey-Calavi, ilé ẹ̀kọ́ pọlitẹ́kíníìkì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977 ló di EPAC. Ó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, iṣẹ́ tí kò sí ilé ìwòsàn tó lè ṣe láìsí i. Ní 2013, ìjọba dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu, èyí tó wà lára Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Orílẹ̀-Èdè báyìí. Àwọn kan ń fojú di í pé oko kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kí wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí ní abúlé èyíkéyìí lórí ilẹ̀ gíga yẹn. Obìnrin bó gbágùúdá, ó rìn ín, ó dì í sínú àpò, ó gbé e sábẹ́ òkúta tàbí ẹ̀rọ ìfúnmi kí omi lè ro dànù. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti agbada, ó ń dín, èéfín ń bọ́ sí i lójú láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Igi mélòó ló ń jó kó tó rí àpò kan? Báwo ni ààrò ṣe lè máa lo ìdajì igi yẹn, kí gàrí má sì yàtọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń rà á? Ìgbà wo ni májèlé inú gbágùúdá ń tán nínú rẹ̀, ṣé lójú ìfúnmi ni àbí lójú iná? Ìbéèrè ẹnjiníà, ti kẹ́mísìrì àti ti ìlera ló pa pọ̀ síbẹ̀, aláàárù kan kò sì ní láti gbé ẹrù wọn lọ sí Faransé.

Lónìí, ọ̀nà ti pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ètò Báǹkì Àgbáyé tó gbé Dangbo ga ló gbé ibùdó tó ń ka àbùdá kòkòrò àrùn sí Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti ka, ní oṣù kẹta ọdún 2020, àbùdá kòrónà tó wọ Nàìjíríà. Òun náà ló gbé ti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sí Ilé-Ifẹ̀. Ìlànà tí wọ́n fi gbé ètò náà kalẹ̀ ni pé kí wọ́n san owó fún ibùdó tó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ṣe Ẹdẹ àti Ifẹ̀ láǹfààní láti gba ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Ètò RSIF tí ilé ìwádìí ICIPE ní Nairobi ń bójú tó ń ran àwọn tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ní yunifásítì Áfíríkà, ó sì ń rán wọn lọ fún ìgbà díẹ̀ sí yàrá ìwádìí lókè òkun. Ààlà 1889 ṣì wà, èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣì pín ilẹ̀ Alákétu sí méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu tó gbọ́ méjèèjì, tó sì ní Yorùbá lẹ́nu, wà níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Ọmọ Odomẹ́ta tó bá fẹ́ wá oyè yìí, kó kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà, kó ka ohun tí onítọ̀hún ti kọ, kó béèrè irú ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó béèrè owó.